Bí Mo Ṣe Wá Epo Lọ sí Abadíìnì, Tí Mo sì Bá A ní Ìkòrò

Oṣù mẹ́wàá ni mo lò ní Abadíìnì, ìlú olókùúta kan létí òkun ní orílẹ̀-èdè Sikọ́tíláǹdì, níbi tí iléeṣẹ́ epo tí mo ń bá ṣiṣẹ́ rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀tá: láti ọjọ́ tí mo débẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo kúrò, n kò fojú kan epo rọ̀bì, ì báà ṣe ẹ̀kán kan ṣoṣo. Epo tí mo rí níbẹ̀ kò ju èyí tí wọ́n fi ń dín ẹja lọ. Kọ̀ǹpútà ni mo jókòó tì. Wọ́n fi ètò kan sínú rẹ̀ tó ń sín àpáta abẹ́ ilẹ̀ jẹ, bí ọmọ iléèwé ṣe ń sín tíṣà jẹ lẹ́yìn. Wàá sọ fún un bí àpáta olépo rẹ ṣe rí. Òun náà yóò sọ fún ọ iye epo tí yóò tú jáde ní ọdún mẹ́wàá, ní ogún ọdún. Tí o bá parọ́ fún un, yóò bá ọ pa irọ́ náà délẹ̀, yóò sì fi ìṣirò tó gún régé gbè é lẹ́yìn.

Ohun tí mo kọ yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú òyìnbó ṣe rí. Ó tún wà fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n lè bá ara wọn níwájú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́la. Àwọn tó ti mọ ohun gbogbo tẹ́lẹ̀ lè ṣí i kọjá.

Ìdágbére

Ìpótì ni ilé wa. Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, irú èyí tó máa ń fi bírò pupa sàmì sí lẹ́tà tí mo bá kọ sí i, tí yóò sì dá a padà fún mi láti lọ tún un ṣe. Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, kì í ṣe epo. Síbẹ̀, nígbà tí ìròyìn ìrìn-àjò mi délé, bàbá mi dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ìjọ bá òun dúpẹ́, ọmọbìnrin òun ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe bẹntiróòlù.

Mo fa etí agbádá rẹ̀. Mo ní, "Dádì, kì í ṣe bẹntiróòlù."

Ó ní, "Jókòó. Ìjọ ti ṣe àmín."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá kí mi lọ́jọ́ kejì. Bàbá Ìkòrò ni gbogbo wa ń pè é, nítorí Ìkòrò ni oko kòkó rẹ̀ wà. Ògún ni òun ń bọ ní tirẹ̀, kì í bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bi mí pé, "Wùmí, epo yẹn, báwo ló ṣe wà nísàlẹ̀ ibẹ̀?"

"Bí adágún omi ni, Bàámi."

"Adágún, lábẹ́ àpáta? Kí ló wá gbé àpáta náà dúró?"

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ọ̀mọ̀wé. Mo ní, "Ẹ máa mọ̀ nígbà tí mo bá dé." Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé èmi gan-an kò mọ̀. Ìbéèrè àgbẹ̀ tí kò wọ kíláàsì rí sàn ju ìdáhùn ẹni tó gba dìgírì lọ, ọkọ̀ òfuurufú ni mo sì ní láti wọ̀ kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òtútù àti ìkíni

Àwa tí a ti sùn ní Ẹ̀fọ̀n lásìkò ọyẹ́ máa ń rò pé a mọ òtútù. A ò mọ nǹkan kan. Òtútù Ẹ̀fọ̀n a máa kí ọ lówùúrọ̀, tí oòrùn bá sì yọ, a gba ilé rẹ̀ lọ. Ti Abadíìnì ń bá ọ wọlé, ó ń bá ọ jókòó sídìí oúnjẹ, ó sì ń bá ọ wọ ibùsùn. Òkúta aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé. Tí òjò bá dá tí oòrùn yọ fẹ́ẹ́, ìlú náà a máa dán gbinrin. Tí kò bá yọ, gbogbo àdúgbò a dà bí itẹ́ òkú àwọn olówó. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kì í yọ.

Ọ̀dọ̀ opó kan tó ń jẹ́ Ìyáàfin Gọ́dìnì ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Òórọ̀ ọjọ́ kejì, mo pàdé rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Obìnrin náà pariwo, ó wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ọwọ́ wá orí kápẹ́ẹ̀tì kiri. Ó ní, "Kí ló jábọ́? Ṣé yẹtí ni?" Àwa méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un pé mò ń kí i ni, ó dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kí àwọn aládùúgbò má baà rò pé òun ń fi mí ṣe ẹrú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń mi orí sí i bí alángbá.

Ìkíni tiwọn náà sì rèé. Lọ́jọ́ kan tí mo wọ kóòtù tuntun, ó wò mí, ó ní, "Fìt láìk?" Èmi tí mo gba máàkì tó ga jù nínú Gẹ̀ẹ́sì ní iléèwé Ìjerò, mo rò pé ó ń bi mí bóyá kóòtù náà bá mi mu. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó bá mi mu dáadáa, àfi ọwọ́ rẹ̀ ló gùn díẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àṣé "báwo ni nǹkan?" ló ń bi mí. Gẹ̀ẹ́sì Abadíìnì sí Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé dà bí "uṣu" àti "ulé" tiwa sí èyí tí bàbá mi ń fi pàṣán kọ́ni. Inú mi dùn láti mọ̀ pé òyìnbó náà ní ará oko.

Ó bi mí lọ́jọ́ kan bóyá a ní ilé níbi tí mo ti wá. Mo ní ilé alájà kan ni bàbá mi kọ́. Ó ní, "Ta ló ń gbé òkè rẹ̀?" Mo ní ìwé rẹ̀ ni. Ó wò mí bí ẹni ń wo òpùrọ́. Nínú bọ́ọ̀sì ẹ̀wẹ̀, àyè ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń kún kẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dùn mí. Nígbà tó yá, mo gbé báàgì mi lé e, mo na ẹsẹ̀ mi, mo ń gbádùn ara mi.

Ní ti oúnjẹ, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ọkà kan tí àwa ìbá bù fún ẹṣin ni wọ́n ń fi ṣe ògì, tí wọ́n á bu iyọ̀ sí, tí wọ́n á sì pè é ní agbára. Lọ́jọ́ tí Ìyáàfin Gọ́dìnì fẹ́ ṣe mí lálejò gidi, ó gbé nǹkan rogodo kan jáde, ó ní kí n má bẹ̀rù. Ẹ̀dọ̀, ọkàn àti fùkù àgùntàn ni, tí wọ́n gún mọ́ ọkà ẹṣin kan náà, tí wọ́n sì dì sínú àpòlúkù. Ó ń wò mí bóyá màá sá. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì béèrè ata. Òun ni jìnnìjìnnì bò.

Àpótí

Ọ̀gbẹ́ni Fínlè ni olùkọ́ wa, baba tínínrín kan tí ìgúnpá súwẹ́tà rẹ̀ ti lu. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé òkúta pẹlẹbẹ kan sórí tábìlì, ó da omi lé e lórí. Kí a tó ṣẹ́jú, omi náà ti wọlé lọ pátápátá, òkúta náà sì dúró bí ẹni pé kò mu nǹkan kan. Ó ní, "Ibẹ̀ ni epo máa ń wà. Inú ihò wínníwínní tí ojú kò rí. Ẹni tó bá ní adágún lọ́kàn, kó gbọ́n ọn dànù." Mo rántí Bàbá Ìkòrò, ojú tì mí níbi tí mo jókòó sí.

Iṣẹ́ wa ni láti gé àpáta sí àpótí-àpótí nínú kọ̀ǹpútà, bí ẹni ń kọ ebè sóko. Wàá sọ fún ètò náà bí ihò ṣe pọ̀ tó nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, bí epo ṣe ń rọra gba inú rẹ̀ kọjá, àti bó ṣe jìn sílẹ̀ tó. Arákùnrin kan láti Tẹ́sáàsì wà pẹ̀lú wa, Dúwéènì, tí kì í ṣí fìlà nínú ilé. Ó gé àpáta tirẹ̀ sí ọ̀kẹ́ kan àpótí. Èmi náà ò gbà kí onífìlà gba iwájú mi. Mo gé tèmi sí ọ̀kẹ́ méjì. Ẹ̀rọ náà ń ronú láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́bọ̀, ó wá kú sí i lórí, kò fún mi ní ìdáhùn kankan.

Fínlè béèrè pé, "Kànga mélòó ni wọ́n ti gbẹ́ sínú àpáta rẹ?"

"Méjì, sà."

"O tọ́ ọbẹ̀ wò lójú méjì, o wá mọ bó ṣe rí lójú ọ̀kẹ́ méjì?"

Dúwéènì rẹ́rìn-ín. Fínlè yíjú sí i, ó ní kó má rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ ṣì ń bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́: àpótí péréte ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ lè ṣe tán kí tíì yín tó tutù. Nígbà tí èyí bá ti ń sọ ohun tó mọ́gbọ́n dání, ẹ lè máa gé e wẹ́wẹ́ níbi tó bá yẹ. Ẹni tó bá fi wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ kàn ń gé àìmọ̀kan rẹ̀ sí kéékèèké ni.

Ṣé mo gbọ́n lẹ́yìn ìyẹn? Rárá. Ẹ̀rọ tẹ èsì tuntun jáde sórí ìwé fún mi, epo inú rẹ̀ pọ̀ débi pé mo ti ń rò ó nínú ara mi pé wọn yóò fi orúkọ mi sọ òpópónà kan ní Ìpótì. Mo sáré gbé e lọ bá Fínlè. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó mú bírò, ó ṣe ìṣirò ìlà mẹ́ta sẹ́yìn àpò lẹ́tà kan: bí àpáta náà ṣe gbòòrò tó, bó ṣe nípọn tó, bí ihò inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ó ní, "Epo tí o kó sínú rẹ̀ ju èyí tí àpáta náà lè gbà ní ìlọ́po mẹ́ta. Níbo ni ìyókù fẹ́ sùn?"

Ẹsẹ̀ bàtà ni mo fi wọn ìnípọn àpáta, mítà ni ètò náà ń retí. Ẹ̀rọ kò bi mí, èmi kò sọ fún un.

Fínlè ní, "Ìkìlọ̀ ń kọ́? Ẹ̀rọ máa ń kọ ìkìlọ̀ sójú ìwé àkọ́kọ́."

Àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, tí nọ́ńbà kò pọ̀ lórí wọn, mo ti ń fà wọ́n ya láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ń kó wọn fún Ìyáàfin Gọ́dìnì, ẹni tó fẹ́ràn láti tẹ́ ìwé sínú dúrọ́ọ̀ aṣọ rẹ̀. Mo délé, mo bẹ̀ ẹ́, mo fa dúrọ́ọ̀ jáde, mo sì kúnlẹ̀ síbẹ̀, mò ń ka ìkìlọ̀ lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ opó. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. "Ìnípọn yìí kò wọ́pọ̀." "Ìnípọn yìí kò wọ́pọ̀." Ẹ̀rọ náà ti ń pariwo láti oṣù kan ààbọ̀. Ìyáàfin Gọ́dìnì dúró lórí mi, ó ní ní ìlú tòun, aṣọ abẹ́ kì í ṣe ìwé ìròyìn.

Ìlà méjì

Kí a tó lè gba ọ̀rọ̀ ètò náà gbọ́ nípa ọ̀la, ó ní láti kọ́kọ́ sọ àná fún wa bó ṣe rí. Ìlà kan yóò fi ohun tí kànga gidi ti tú jáde láti ọdún pípẹ́ hàn, epo àti omi rẹ̀. Ìlà kejì yóò fi ohun tí ẹ̀rọ sọ hàn. Tí méjèèjì bá ń tẹ̀ lé ara wọn, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn tán an. Tèmi ń jà bí orogún fún odidi oṣù kan. Kànga kan wà nínú àpáta tí wọ́n fún mi ṣe tí omi rẹ̀ lọ sókè wuu ní ìgbà òtútù kan, tó sì tún wálẹ̀. Ẹ̀rọ mi kọ̀ láti gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó sú mi, mo wọ àárín kànga náà àti ìkejì rẹ̀ nínú ètò náà, mo jẹ́ kí àpáta ibẹ̀ máa la ọ̀nà fún omi ní ìlọ́po àádọ́ta. Ìlà méjèèjì dì mọ́ra bí tọkọtaya tuntun. Dúwéènì pàtẹ́wọ́. Mo gbé e lọ síwájú kíláàsì, mo sọ̀rọ̀ dáadáa, mo tilẹ̀ fi igi tọ́ka.

Fínlè ní, "Ó dára. Kí ló wà láàárín kànga méjèèjì tí omi fi ń sáré tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó jẹ́ kí ìlà méjèèjì bára mu, sà."

"Kì í ṣe ohun tí mo béèrè nìyẹn. Bàtà kò gba ẹsẹ̀, o gé ọmọ ìka. O wá ń fi bàtà náà yangàn."

Ó gbé fóònù níwájú gbogbo wa, ó pe ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣiṣẹ́ lórí kànga náà lójú agbami nígbà yẹn. Ó bi í nípa omi ìgbà òtútù. A gbọ́ ẹ̀rín baba náà láti inú fóònù. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn, ìgbì òkun kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè wá tún un ṣe. Fínlè ní, "Nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀ wá ń kọ́?" Ó ní, "A fojú wọ̀n ọ́n ni. Òtútù ń mú wa."

Oṣù kan gbáko ni mo fi lọ́ àpáta Ọlọ́run lọ́rùn kó lè bá ìfojúwọ̀n ẹni tí òtútù ń mú mu. Mo jókòó. N kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mò ń fi igi tọ́ka, mo mọ̀ nínú ara mi pé n kò ní ìdí kankan fún ohun tí mo ṣe. Láti ọjọ́ yẹn, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó yí i. Tí mi ò bá rí ìdí kọ, mo máa ń fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí n tó gba nọ́ńbà kankan gbọ́, mo máa ń wá ẹni tó kọ ọ́.

Ojú ọ̀nà ilé

Nígbà tí mo padà, mo wọ ọkọ̀ láti Iléṣà. Bí a ti ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, tí mo rí àwọn òkè wọ̀nyẹn tí ìkùukùu jókòó lé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ní Aramọkọ, obìnrin kan tó wọlé pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Mo sọ fún un. Ó ní, "Háà, ẹ wá jìyà lásán! Wọ́n ti rí epo ní Ìkòrò." Mo rò pé epo pupa ló ń sọ.

Nígbà tí a dé Ìjerò, mo mọ̀ pé kì í ṣe epo pupa. Àwòrán ọkùnrin kan tó wọ fìlà irin wà lára gbogbo ògiri, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni yóò mú ìjọba Àkúrẹ́, tí a wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, mọ̀ pé ilẹ̀ wa náà ní ọrọ̀. Àwọn olóṣèlú ti tún gbérí nígbà náà, ẹgbẹ́ kan sì fẹ́ fa ẹni kan kalẹ̀ ní àgbègbè wa. N kò ní dárúkọ ọkùnrin yìí, nítorí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ènìyàn rere sì ni. Ẹnjiníà ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Mo délé, bàbá mi dì mọ́ mi, kò bi mí bí ara mi ti rí. Ó fi báàjì àyà rẹ̀ hàn mí. Òun ni Alága Ìgbìmọ̀ Epo. Ó ní, "Ọ̀la ni ìpàdé. O dé lásìkò. Ìwọ ni yóò wá jẹ́rìí sí i."

Àwòrán aláràbarà

Gbọ̀ngàn iléèwé kan ní Ìkòrò ni wọ́n ti pàdé. Àwọn ará Ayétòrò wà níbẹ̀, àwọn ti Ìjerò náà wà níbẹ̀. Bàbá Ìkòrò jókòó sí ìlà iwájú. Wọ́n sọ fún mi pé etí odò kan lẹ́bàá oko rẹ̀ ni wọ́n ti rí i tí omi ń dán bí ẹ̀yìn àdàbà, tó ní àwọ̀ méje lójú. Ẹnjiníà ti wá wò ó, ó ní epo ni. Ó ní kí wọ́n la àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí yóò gbẹ́ ilẹ̀. Bàbá Ìkòrò ti bẹ́ kòkó tó wà ní gbogbo apá ìsàlẹ̀ oko rẹ̀. Bàbá mi ló lọ bẹ̀ ẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìlọsíwájú.

Ẹnjiníà dìde, ó ṣí ìwé ńlá kan, ó gbé e kọ́ pátákó. Gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Àwòrán onígun mẹ́rin ni, ó ní àpótí mẹ́wàá lóròó, mẹ́wàá níbùú. Igun kan pupa bí ẹ̀jẹ̀, igun kejì tó dojú kọ ọ́ búlúù, àárín rẹ̀ ń lọ láti àwọ̀ ewé sí yẹ́lò. Ó ní, "Kọ̀ǹpútà ló ya èyí. Abẹ́ ilẹ̀ Ìkòrò rèé. Ibi tó pupa yìí ni epo pọ̀ sí jù."

Mo mọ àwòrán náà bí mo ṣe mọ ojú ara mi. Ẹni tó bá ra irú ètò yẹn, níbikíbi láyé, ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n fi ń dán an wò máa ń bá a wá, àpẹẹrẹ tí kò sí níbì kankan lórí ilẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo dé kíláàsì ni èmi náà ti yà á. Àwọn ará Jàpáánù ń yà á, Dúwéènì yà á. Pupa yẹn kì í tilẹ̀ ṣe epo. Ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ gáàsì wọlẹ̀ ni.

Bàbá mi pè mí síwájú. Báàjì àyà rẹ̀ ń dán. Mo wò ó, mo wo Bàbá Ìkòrò, mo yíjú sí Ẹnjiníà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kànga wo ni ẹ ti rí nọ́ńbà tí ẹ fi ya èyí?"

Ó ní, "Kọ̀ǹpútà kì í lo kànga. Ó ń wo ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni."

"Ìkìlọ̀ wo ló kọ?"

Ó rẹ́rìn-ín sí àwọn ènìyàn. "Ìkìlọ̀ kẹ̀? Ẹ̀rọ tó ń bẹ̀rù ni tiwọn lọ́hùn-ún. Tiwa nígboyà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ìsàlẹ̀ ìwé yìí ti di gígé, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e. Níbẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí. Àpẹẹrẹ àkọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Kì í ṣe Ìkòrò. Kì í ṣe ibì kankan."

Ohùn kan wá dún láti ẹ̀yìn: "Ṣé obìnrin ni yóò wá sọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ fún wa?" Òmíràn ní, "Ọmọ Ìpótì ni. Ìlara ni. Epo kò sí ní tiwọn." Ẹnjiníà fi ọwọ́ tù wọ́n nínú bí ẹni rere, ó ní kí wọ́n má bá mi wí, òtútù máa ń mú ọpọlọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀.

Bàbá Ìkòrò ló dìde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wo omi náà."

Ìdajì àwọn ènìyàn tẹ̀ lé wa. Omi náà ń dán ní tòótọ́, ó lẹ́wà. Mo ṣẹ́ igi, mo fi gún ojú rẹ̀. Awọ dídán náà fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo tánganran, kò sì padé mọ́. Mo ní, "Tó bá jẹ́ epo ni, yóò tún padà dì mọ́ra. Omi ìdọ̀tí tó ní irin nínú ló máa ń ṣe báyìí. Àpáta tiwa níhìn-ín, iná ti sè é láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé, kò ní ihò tí epo lè sùn sí." Bàbá Ìkòrò gba igi lọ́wọ́ mi, òun náà gún un. Ó gún un níbòmíràn. Ó gún un títí ojú omi fi dọ̀tí, ó wá sọ igi nù.

Àwọn ènìyàn túká. Obìnrin kan kọjá lára mi, ó ní, "Àwọn mìíràn lọ òkè òkun, ẹ̀bùn ni wọ́n ń mú bọ̀." Ẹ má rò pé Ẹnjiníà tẹ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fà á kalẹ̀, ó sì wọlé. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn, ó ń ṣàlàyé fún àwọn ará Ìkòrò pé epo náà ti sá lọ nítorí wọn ò wà ní ìṣọ̀kan.

Oko

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi bọ́ agbádá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, ó ní kí n sin òun lọ sí Ìkòrò. Bàbá Ìkòrò wà lóko tẹ́lẹ̀. Kùkùté kòkó tò lọ bẹẹrẹ títí dé etí odò. Àwọn kan ti ń yọ èéhù, ewé kéékèèké pupa lára igi tó ti gbẹ.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ sórí ewé gbígbẹ, ó na gbalaja. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo wá bẹ̀ yín, èmi tí mo mọ̀wé." Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò rí i kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò lọ iléèwé.

Bàbá Ìkòrò wò ó. Ó ní, "Dìde. Ikán wà níbẹ̀."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀rọ tìrẹ yẹn, tí o sọ pé ó ń sín àpáta jẹ. Ṣé ó lè sín kòkó jẹ? Kó sọ ìgbà tí èyí yóò so fún mi?"

"Kò lè ṣe é, Bàámi."

"Kò burú." Ó mú ọkọ́ méjì kúrò lára igi, ó na ọ̀kan sí mi, ó na ìkejì sí bàbá mi. "Ẹ rọra ro ó. Ẹ má gé èéhù."